Kírímù tàbí Búlúù Sánmà: Àgbéyẹ̀wò Àwọ̀ Ògiri Yàrá ní Lomé

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ògiri kò fi kéré nínú ẹbí. Ní Lomé, olú-ìlú Tógò, bí bíríkìlà bá ti rẹ́ ògiri tán, tí akunlé sì béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ilé lè fẹ́ àwọ̀ tó sún mọ́ ti wàrà, èyí tí àwọn tó ń ta ọ̀dà níbẹ̀ ń pè ní crème. Bàbá ilé lè sọ pé búlúù tó dà bí ojú sánmà, bleu ciel, ló ń tu òun lára. Àwọn ọmọ á gbè sẹ́yìn ẹnì kan, àlejò á dá sí i, akunlé náà á sọ èyí tó mọ̀. Àwọ̀ méjì yìí, kírímù àti búlúù sánmà, ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín, láti orí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n títí dé orí ìmọ́lẹ̀, ooru, eruku, ẹ̀fọn, àga àti ìlera àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kò lọ́jú pọ̀. Akunlé ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ yàrá ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yan láàrin àwọ̀ méjì, yàrá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò dáadáa kó tó ṣí ìwé àpẹẹrẹ ọ̀dà.

Àwọ̀ méjèèjì kì í ṣe àjèjì

Ẹfun, osùn àti aró ni Yorùbá fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, aró fún dúdú. Lójú àwọn àgbà, kírímù jẹ́ ọmọ pupa tí wọ́n fi funfun tẹ́, búlúù sì jẹ́ ọmọ ilé aró. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti mọ bí búlúù ṣe ń ti orí èyí tó fẹ́lẹ́ bọ́ sí èyí tó ṣú, kí ọ̀dà inú garawa tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Búlúù mìíràn tún gba orí òkun wá. Láàrin 1826 sí 1828, Jean-Baptiste Guimet rí ọ̀nà láti fi ọwọ́ ṣe ultramarine ní ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ tó jẹ́ pé òkúta iyebíye láti Afghanistan ni wọ́n ń lọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Bó ṣe di ohun tí tálákà lè rà nìyẹn. Òun ni búlúù tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ omi ìfọṣọ kí aṣọ funfun lè mọ́ gaara, òun náà sì ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá fi kun ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ère ìbejì.

Lomé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tó mọ àwọ̀. Àwọn Yorùbá ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àdúgbò kan láàárín ìlú ń jẹ́ Anagokomé, nítorí Anago ni wọ́n ń pè wá. Ní Atakpamé, lápá òkè, ni àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò wà, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan. Ní ọjà ńlá Lomé ni àwọn obìnrin oníṣòwò ańkárá tí ayé ń pè ní Nana Benz ti di olówó, tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ Mercedes-Benz tó fún wọn lórúkọ. Ojú tó mọ àwọ̀ tí yóò tà àti èyí tí kò ní í tà ni wọ́n fi kó ọrọ̀ jọ. Ní ti ilé, àwọn ará Jámánì tó sọ Lomé di olú-ìlú ní 1897 fẹ́ràn funfun. Ààfin gómìnà wọn, tí wọ́n parí ní 1905, tó sì tún ṣí ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ọnà Palais de Lomé, funfun ló ṣì wà. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, Porto-Novo àti etí òkun Tógò ni wọ́n mú ògiri aláwọ̀ mèremère wá. Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè pè ní àṣà òkèèrè nínú kírímù àti búlúù. Àwa la ni méjèèjì.

Ohun tó wà nínú garawa

Bí a bá ṣí garawa méjèèjì, ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn: lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide, omi, àti ohun tó ń lẹ ọ̀dà mọ́ ògiri. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tó mú kí ọ̀kan jẹ́ kírímù, kí èkejì jẹ́ búlúù. Èyí tó wà nínú kírímù sábà máa ń jẹ́ ìpẹtà irin aláwọ̀ òféèfèé, irú èyí tó wà nínú amọ̀ pupa àti amọ̀ òféèfèé. Oòrùn kì í tètè pa á, sìmẹ́ńtì kì í jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ búlúù òde òní ni phthalocyanine, tí wọ́n gbé dé ọjà ní 1935. Òun náà kì í ṣá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an, díẹ̀ bíńtín ló ń pa garawa funfun lára dà.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà fún ẹni tó ń kunlé. Ọ̀pọ̀ akunlé ló ń ra ọ̀dà funfun, tí wọ́n sì ń fi ojú wọn po àwọ̀ mọ́ ọn níbi iṣẹ́. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀ nínú kírímù, ojú lè má tètè rí i. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀ nínú búlúù, ojú sánmà á di aró. Bí ọ̀dà bá sì tán nígbà tó ku ògiri kan, búlúù kejì kì í fẹ́ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹni tó bá yan búlúù, kí ó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n po garawa gbogbo pọ̀ nínú ohun ńlá kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri.

Ògiri tuntun tún ní oró tirẹ̀. Omi inú sìmẹ́ńtì tútù le bí omi eérú tí àwọn aláró fi ń mú ẹ̀lú jẹ, ó sì lè jẹ àwọ̀ run. Búlúù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní búlúù Prussia kò lè dúró níwájú rẹ̀ rárá. Kí a jẹ́ kí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gbẹ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán, kí a sì kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ pa á, ohun tó yẹ kí onílé fara mọ́ ni, àwọ̀ yòówù kó yàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà elépo yàtọ̀ sí ti ọ̀dà olómi. Ọ̀dà elépo máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó bá pẹ́, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, bí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ àwòrán tí a gbé kọ́. Kírímù lè gbé èyí mì láìsí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òféèfèé bá bọ́ sórí búlúù, àwọ̀ ewé ló máa dà, ọjọ́ tí a bá sì sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò la ó rí i.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀gá

Funfun tó dára máa ń dá nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án padà. Kírímù tó fẹ́lẹ́ máa ń dá nǹkan bí 70 sí 80 padà, búlúù sánmà tó fẹ́lẹ́ sì máa ń wà láàrin 55 sí 70. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí ohun kékeré lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í kan ògiri lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ó ń ti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì, ó tún ń kan àjà àti ilẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì kàn ni ògiri ń mú nínú rẹ̀. Nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, kírímù á fi ojúmọ́ kún ojúmọ́, búlúù á máa gbé e mì. Ohun kan náà ló ń mú kí àwọ̀ tí a rí lórí páálí kékeré dà bí èyí tó fẹ́lẹ́, kó sì wá le lójú nígbà tí ògiri mẹ́rin bá ń tàn án sí ara wọn. Kí ẹni tó fẹ́ búlúù yan èyí tó fi ìpele kan fẹ́lẹ́ ju èyí tó wù ú nínú ìwé àpẹẹrẹ.

Àwọn ìwé ọ̀ṣọ́ ilé láti Yúróòpù máa ń sọ pé yàrá tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn, nítorí náà kí a kùn ún ní àwọ̀ tó móoru. Pé yàrá tó kọjú sí gúúsù lè gba búlúù. Ìmọ̀ràn yìí kò bá Lomé mu. Díígírì 6 péré ni Lomé fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé lápá àríwá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lókè wa. Ní àwọn oṣù yòókù, apá gúúsù ló ń gbà. Oòrùn ọ̀sán ga ju kó máa rọ́ wọ inú fèrèsé lọ. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí ará Lomé wò.

Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn ń gba ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ó sì ń sinmi láti ọ̀sán lọ. Àwọ̀ méjèèjì ló lè gbé ibẹ̀. Yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ẹjọ́ wà nídìí rẹ̀. Láti bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn tó ti pọ́n á rọ́ wọlé. Bí ó bá bá kírímù, kírímù á di òféèfèé, òféèfèé á di àwọ̀ ọsàn, ẹni tó wà nínú yàrá á sì máa rò pé ooru ti pọ̀ sí i. Bí ó bá bá búlúù sánmà, àwọ̀ méjèèjì á rọ ara wọn lójú, ògiri á di eléérú tó tutù lójú. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pé búlúù jàre.

Ọ̀pọ̀ yàrá ni fèrèsé wọn kò rí oòrùn rárá, ògiri aládùúgbò ni wọ́n kọjú sí. Irú rẹ̀ pọ̀ ní àwọn àgbàlá tí wọ́n pín sí chambre-salon, yàrá kan àti pálọ̀ kan, fún àwọn ayálégbé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kan ògiri sìmẹ́ńtì tí wọn kò kùn kó tó wọlé ti rẹ̀, ó ti di eérú. Búlúù níbẹ̀ á dà bí ọjọ́ òjò. Kírímù ló yẹ irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́, gílóòbù ló gba ipò oòrùn. Ẹ wo páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà Kelvin níbẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 2700, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti fìtílà; èyí tó bá jẹ́ 6500, ó funfun, ó sì fi díẹ̀ rọ mọ́ búlúù. Lábẹ́ 6500, búlúù á le sí i, yàrá á dà bíi ti ilé ìwòsàn, kírímù á sì pàdánù adùn rẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ 2700, kírímù á dùn ún wò, búlúù á di eérú. Nọ́ńbà tó wà láàárín, bíi 4000, ni méjèèjì lè bá ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tún ọ̀dà kùn nígbà tó jẹ́ pé gílóòbù ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà fún búlúù. Ní 1825, Jan Purkyně, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Czech, kọ̀wé pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, pupa ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn lójú ènìyàn, búlúù ló ń pẹ́ jù. Nínú yàrá ìbùsùn, ní ìdájí tí a kò tíì tan iná, ògiri búlúù fẹ́lẹ́ máa ń mọ́ lójú ju bí a ṣe rò lọ.

Ṣé àwọ̀ lè mú yàrá tutù?

Èyí ni àwọn tó fẹ́ búlúù máa ń fi ṣe àtìlẹ́yìn jù. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọ̀ inú yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí ooru rẹ̀ padà rárá. Òrùlé páànù tí oòrùn ń lù, ògiri ìta tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, àti fèrèsé tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn òkun gba inú ilé kọjá ló ń mú ooru wá. Atẹ́gùn tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ láti orí òkun ni ọrẹ ńlá tí Ọlọ́run fún Lomé. Ẹni tó bá fi kọ́bọ́ọ̀dù dí i lọ́nà, búlúù kò lè gbà á. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, kí a fi kun òrùlé àti ògiri ìta ní funfun, kí a sì fi àjà sábẹ́ páànù.

Ohun tí búlúù lè ṣe ni kó mú kí ọkàn rò pé ara tutù. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń dán èyí wò, ohun tí wọ́n sì ń rí kò pọ̀. Mi ò fojú kéré rẹ̀, nítorí ọkàn náà ń gbé inú yàrá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta búlúù fún wa bí ẹni ta fáànù.

Eruku, iyọ̀ àti èbu

Ilẹ̀ Lomé pín sí méjì. Létí òkun, láti Kodjoviakopé lọ dé Bè, iyanrìn funfun ni. Ní òdìkejì ọ̀sà, ní Tokoin títí dé Agoè, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní terre de barre ni. Ẹni tó bá ń gbé Agoè mọ̀ pé eruku pupa kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó wọlé, ọwọ́ ọmọdé tó ti ń fi ilẹ̀ ṣeré sì máa ń fi àmì sára ògiri. Lórí kírímù, eruku yẹn á sá pamọ́, torí ìpẹtà irin ló wà nínú àwọn méjèèjì. Lórí búlúù, pupa á yọ síta, ògiri á sì tètè dà bí èyí tó gbó. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ tó rọ mọ́ àwọ̀ awọ ẹran á bò gbogbo rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni.

Létí òkun, iyọ̀ ló ń bá ògiri jà. Bí iyọ̀ bá wà nínú iyanrìn tí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù, tàbí tí omi ń ti ilẹ̀ gun ògiri, iyọ̀ á yọ jáde bí ìyẹ̀fun funfun, ọ̀dà á sì máa ṣí. Funfun yẹn hàn lára búlúù ju ara kírímù lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ tó ń wo ògiri sàn. Ibi tí omi ń gbà ni kí a kọ́kọ́ dí.

Èbu dúdú, èyí tó ń hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti ní igun tí atẹ́gùn kò dé nígbà òjò, hàn lára àwọ̀ méjèèjì bákan náà. Kí a fi omi Javel fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kó gbẹ, kí a sì sún ẹrù kúrò lára ògiri. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé èbu lórí, owó rẹ̀ ló ń kùn mọ́lẹ̀. Ní ilé ìdáná tí èédú ti ń jó, èéfín máa ń fi àwọ̀ òféèfèé sílẹ̀. Búlúù kò yẹ ibẹ̀ rárá.

Ẹ̀fọn àti ìbàlẹ̀ ọkàn

Àwọn kan gbàgbọ́ pé búlúù ń lé kòkòrò àti ohun tí ojú kò rí. Ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, àwọn Gullah, tó jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, máa ń kun àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní búlúù fẹ́lẹ́ kí ẹ̀mí àìrí má bàa wọlé. Ìgbàgbọ́ yẹn ní ọlá tirẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ní ti ẹ̀fọn, Jeffrey Riffell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington tẹ ìwádìí kan jáde ní 2022. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀fọn Aedes aegypti, èyí tó ń gbé ibà dengue kiri, bá ti gbóòórùn èémí ènìyàn, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ọsàn, dúdú, àti búlúù tó rọ mọ́ àwọ̀ ewé ló ń fò lọ bá. Kò ka funfun, àwọ̀ ewé àti búlúù gidi sí. Ẹ̀fọn ibà lásán, Anopheles, kọ́ ni wọ́n dán wò. Eṣinṣin tsetse ní tirẹ̀ fẹ́ràn búlúù débi pé aṣọ búlúù ni wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́ fún un káàkiri Áfíríkà. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ọ̀dà rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ ìbàlẹ̀ ọkàn náà gba sùúrù. Ní 1979, ní ilé ẹ̀wọ̀n àwọn ológun ojú omi ní Seattle, wọ́n kun yàrá ní pupa fẹ́lẹ́ kan, wọ́n sì kéde pé ó ń mú oníjàgídíjàgan rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀wọ̀n tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó dán an wò lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìṣọ́ra kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé búlúù ń fúnni ní oorun, tàbí pé kírímù ń mú àlejò túraká, ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ ló ń sọ. Ìyẹn náà tó fi yan àwọ̀, torí yàrá rẹ̀ ni.

Ènìyàn, àga àti aṣọ

Ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ Gobelins ní Paris, àwọn oníbàárà fi ẹ̀sùn kan Michel Eugène Chevreul, ọ̀gá àwọn aláró ibẹ̀, pé òwú dúdú rẹ̀ kò dú. Ó yẹ òwú náà wò, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ lójú. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1839 fi yé aráyé pé àwọ̀ kan kì í dá wà. Èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀ ló ń sọ bí a ó ṣe rí i.

Ẹ mú òfin yìí wá sínú yàrá ní Lomé. Igi tiiki tí wọ́n fi ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Tógò pọ́n bí oyin. Níwájú búlúù, pípọ́n rẹ̀ á yọ, àga á dà bí ohun olówó iyebíye. Níwájú kírímù, ó á fara mọ́ ògiri jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa. Awọ adúláwọ̀ ní pupa àti òféèfèé nínú, nítorí náà búlúù máa ń gbé e yọ. Ẹ wo bí fọ́tò tí wọ́n yà níwájú ògiri búlúù ṣe máa ń dán. Ṣùgbọ́n bí aṣọ fèrèsé àti aṣọ àga bá jẹ́ ańkárá aláwọ̀ púpọ̀, búlúù á máa bá wọn du ipò, kírímù ló máa fún ańkárá láyè láti sọ̀rọ̀. Ibi tí ọrọ̀ ẹni wà lára aṣọ, kí ògiri dákẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì lè kun ògiri mẹ́ta ní kírímù, ọ̀kan ní búlúù. Kí ó má ṣe jẹ́ ògiri tó gbé fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé máa ń mú kí ògiri yẹn dúdú lójú. Ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ń bá lójú, tó wà lẹ́yìn orí bẹ́ẹ̀dì, ló tọ́ sí búlúù.

Òjé: ohun tó ju àwọ̀ lọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Òjé, tó máa ń wà nínú àwọn ọ̀dà kan, ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Láti 1921 ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti ṣe àdéhùn tó ka òjé funfun léèwọ̀ nínú kíkun inú ilé. Síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òféèfèé tí wọ́n ń pè ní lead chromate ṣì wà nínú àwọn ọ̀dà elépo kan káàkiri ayé. Ìyẹn ló fà á tí àwọn tó ń yẹ ọ̀dà wò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ń rí òjé jù lọ nínú ọ̀dà elépo òféèfèé àti pupa, tí wọ́n sì ń rí i kéré nínú funfun. Ìwọ̀n tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè fún ọ̀rọ̀ àyíká, dámọ̀ràn kí òfin má ṣe kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan.

Èyí kan àríyànjiyàn wa gan-an. Kírímù tí wọ́n fi ìpẹtà irin ṣe, tó sì jẹ́ olómi, kò ní ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n bí akunlé bá fi ọ̀dà elépo òféèfèé tí kò lórúkọ po funfun kí ó lè di kírímù, ewu ti wọ inú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi páálí oníyanrìn ha ọ̀dà elépo àtijọ́ ní gbígbẹ nígbà tí ọmọ wà nítòsí. Kí a máa fi omi rin ín ká tó ha á, kí a sì nu eruku rẹ̀ kúrò pẹ̀lú aṣọ tútù.

Bí a ṣe lè dán an wò

Ẹ ra èyí tó kéré jù nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kun páálí ńlá méjì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà olómi máa ń dú sí i díẹ̀ bó bá gbẹ. Ẹ gbé wọn sí ara ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò wọ́n ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àti lábẹ́ gílóòbù. Ẹ má ṣe wò wọ́n pọ̀ nìkan, torí òfin Chevreul á mú kí ọ̀kan yí èkejì padà. Ẹ tún wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú aṣọ fèrèsé àti àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3.5, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2.8. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 15, ògiri rẹ̀ sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 42. Bí a bá yọ nǹkan bí 5 fún ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, ó ku 37. Kíkun lẹ́ẹ̀mejì sọ ọ́ di 74. Lórí ògiri tó dán, lítà kan máa ń kun nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 10, nítorí náà lítà 8 tó. Lórí ògiri tí kò dán, ó lè tó lítà 12.

Ìdájọ́

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kírímù ló borí fún ilé Lomé lápapọ̀. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ó ń fara da eruku pupa, ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì ń fún ańkárá àti àga láyè. Kí pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, àti yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò jẹ́ kírímù. Yàrá ìbùsùn tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ni kí a fún búlúù sánmà, èyí tó fẹ́lẹ́ jù lọ tí a bá rí. Ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ ní yàrá kan ṣoṣo, ẹ mú kírímù, ẹ fi búlúù sí ara aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ rọrùn láti pààrọ̀ ju ògiri lọ. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òjé wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ra ọ̀dà olómi fún gbogbo ògiri tí ọwọ́ ọmọ lè kàn.